Wákàtí Mẹ́fà ní Páríìsì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: ọkùnrin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn ìṣubú rẹ̀ yìí, èmi gan-an ni. Orúkọ mi ni Akínlọ́lá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èmi ni Alága Àgbà, Olùdarí Pátápátá àti Baba Ìsàlẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Ìfìmọ̀ṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá ní Prince George's County, ní Maryland, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi ni mo fi ara mi jẹ wọ́n. Ẹgbẹ́ náà kò ju ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lọ, bí a bá tilẹ̀ ka àwọn tí wọ́n ti kó lọ sí Texas mọ́ ọn.

Ẹ lè fẹ́ mọ bí mo ṣe mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lẹ́yìn mi. Kò le rárá. Bí ènìyàn bá wà lórí àga, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín sí i. Ọjọ́ tó bá já bọ́, gbogbo wọn ni yóò wá kí i, tí wọ́n á sì máa tú gbogbo ohun tí wọ́n ti fi sínú láti ọdún mẹ́rin síwájú rẹ̀. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òmíràn nínú rẹ̀ tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín.

Lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá kékeré ni mí níbi tí wọ́n ń kó táyà pamọ́ sí ní Forestville. Ènìyàn mẹ́fà ló wà lábẹ́ mi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dìde bí mo bá wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ẹgbẹ́. Nínú ẹgbẹ́, wọ́n ń dìde, nítorí pé mo fi í sínú òfin.

Ìyàwó mi, Ìdùnnú, nọ́ọ̀sì ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ alẹ́, láti aago méje ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje àárọ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìdúró ló ti ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná, tí ojú rẹ̀ wà lára aago, tí etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ aláìsàn. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì, mo ṣe ìlérí fún un. Mo ní, "Ìdùnnú, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí o bá ń lọ ṣe iṣẹ́ ìkẹyìn, ẹgbẹ́ yóò se àsè fún ìwọ àti gbogbo nọ́ọ̀sì wa. Wà á jókòó, wọ́n á gbé oúnjẹ gbígbóná síwájú rẹ, wà á sì jẹ ẹ́ tán kí o tó lọ."

Ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Tijésù. Kí n ṣáà ti jẹ ẹ́ tán."

Ohun tí obìnrin náà bèèrè lọ́wọ́ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àsè yẹn náà ni ọjọ́ ìbò ẹgbẹ́, mo sì fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ìbò bá ti wọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ mọ ẹni tí ebi yóò pa.

Ìpàdé tí a fi ṣètò rẹ̀, ní Hyattsville la ti ṣe é. Mọ̀nsúrát, tó ń bá mi du ipò, ló kọ́kọ́ dìde. Nọ́ọ̀sì lòun náà, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀sán ló ń ṣe.

Ó ní, "Alága, ẹ jẹ́ ká ṣe Italian. Tòmátò ni, àlùbọ́sà ni, téèyàn bá fi ata díẹ̀ sí i, ó ti di ọbẹ̀ ilé nìyẹn. Wọ́n á gbé e wá nínú tiréè ńlá, everybody go chop. Àwọn tó ní night shift á jẹ, wọ́n á yó, wọ́n á sì tètè lọ."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, tí kì í sì í ṣe ẹnu mi ló ti jáde, mo ní láti pa á. Mo dìde, mo gbọn agbádá mi, mo wúkọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ Oòduà!" ni mo wí. "Oúnjẹ méjì ló wà nílẹ̀ Òyìnbó. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń jẹ nítorí ebi, ìyẹn ni ti Ítálì. Ọ̀kan sì wà tí wọ́n ń jẹ nítorí ọlá, ìyẹn ni ti Faransé! Ará Ítálì á po ìyẹ̀fun, á da tòmátò lé e, ó parí. Ṣùgbọ́n ará Faransé! Ará Faransé á jí láàárọ̀, á kí bọ́tà, bọ́tà á dá a lóhùn! Nígbà tí mo wà ní Páríìsì..."

Bí mo ti dárúkọ Páríìsì báyìí, Sàláhúdéènì akọ̀wé fò dìde, ó ní kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òun ló dá àṣà náà sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àmọ́ mo rọra sọ ọ́ kó má baà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ Páríìsì náà fún yín. Ní ọdún 2009, bàálù tí mo ń wọ̀ lọ sí Èkó já mi sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú wọn kí n dúró de òmíràn. Wákàtí mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀. Mo jẹ búrẹ́dì olóròóró kan tó rí kọdọrọ, mo mu kọfí, mo fi báàgì ṣe ìrọ̀rí, mo sùn. Nígbà tí mo jí, ọrùn mi kò yí mọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀ Faransé kò ju ìyẹn lọ, àmọ́ ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe ìjọba lórí rẹ̀.

Ọmọ wa, Tijésùnimí, tó ń kọ́ nípa òfin, ti sọ fún mi rí. Ó ní, "Daddy, that was a layover. Ẹ ò tiẹ̀ jáde ní airport."

Mo bi í pé ilẹ̀ tí pápákọ̀ náà wà lórí rẹ̀, ilẹ̀ ta ni. Ó ní "Okay, Daddy," ó sì padà sí ẹ̀yìn fóònù rẹ̀.

Ní ìpàdé náà, Alhaji Abdulwahab, tó dàgbà jù wá lọ, na ọwọ́ sókè. "Alága, mo fẹ́ bèèrè. Kí ni àwọn Faransé yìí fi ń se ẹran wọn?"

"Ọgbọ́n, Alhaji! Ọgbọ́n ni wọ́n fi ń se é!"

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ẹ fi ìbéèrè Alhaji sọ́kàn ju bí mo ṣe fi sọ́kàn lọ.

Mọ̀nsúrát kò tíì jókòó. "Aago mẹ́rin lẹ fi àsè sí, Alága, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún làwọn ti night shift gbọ́dọ̀ kúrò o. Láti gbọ̀ngàn àsè ní Brandywine, Friday evening, ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń dí ní Beltway."

"Faransé kì í kánjú," ni mo dá a lóhùn. Sàláhúdéènì kọ ọ́ sílẹ̀, ó fàlà sí i nídìí.

Kí wọ́n má baà ní mo ń fi agbára ṣe é, mo yan Ìgbìmọ̀ Ìtọ́wò. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ náà, Sàláhúdéènì ni ọmọ ẹgbẹ́ ìgbìmọ̀, mo sì fi àyè ẹnì kẹta sílẹ̀ fún ìmọ̀ràn ara mi. A kọ́kọ́ lọ sí ilé oúnjẹ Faransé kan ní D.C. Àwo tí wọ́n gbé wá tóbi, ṣùgbọ́n oúnjẹ inú rẹ̀ dà bí ẹni tó ṣìnà. A jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tán. Mo bi akọ̀wé bó ṣe rí i. Ó ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, ó ní, "Alága, oúnjẹ yìí ní ẹ̀kọ́." Ebi ń pa á gidigidi nígbà tó ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù arábìnrin àgbàlagbà kan tó ń ta oúnjẹ Ítálì ní Hyattsville. Ó gbé lasáńyà, pásítà pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, síwájú wa. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n má purọ́ fún yín mọ́, torí kò sí ìbò níwájú mi mọ́. Oúnjẹ náà wọ̀ mí lára. Tòmátò rẹ̀ ta díẹ̀ lẹ́nu, wàràkàṣì rẹ̀ ń fà, etí rẹ̀ tó jóná díẹ̀ sì dùn ju àárín rẹ̀ lọ. Mo jẹ àwo kan. Mo jẹ ìkejì nítorí ìwádìí. Ìkẹta, akọ̀wé ló ní kí n jẹ ẹ́ kí ìwádìí náà lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀ ní gbangba, wọ́n sì sọ pé àgbà kì í tutọ́ sílẹ̀ kó tún padà lá a. Ìròyìn tí mo kọ fún ẹgbẹ́ nìyí: "Oúnjẹ Ítálì léwu, nítorí pé ó ń mú kí ènìyàn jẹ àjẹjù."

Àsè kù sí dẹ̀dẹ̀, mo tún gbé òfin jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ kí Alága tó tọ́ ọ wò. Bí Alága bá ti gbé máíkì, kí gbogbo ṣíbí sọ̀kalẹ̀. Ata gígún kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn, nítorí pé ó ń dójú ti bọ́tà. Sàláhúdéènì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú báàgì. Ó gba ìgò ata mọ́kàndínlógún lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ó sì gba ọ̀kan láti inú fìlà Alhaji Abdulwahab.

A fi àsè sí aago mẹ́rin. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni mo tó wọlé, torí pé mo ń dúró kí gbogbo ènìyàn dé kí wọ́n lè dìde. Àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́ méjìlá jókòó síwájú pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn lọ́rùn, Ìdùnnú wà láàárín wọn. Ó ti tọ́ ètè. Láti ìgbà tí ọmọ wa ti wọ ilé ìwé gíga, mi ò rí i kó tọ́ ètè mọ́.

Oúnjẹ mẹ́fà ló wà nínú ètò, ọ̀rọ̀ ìṣáájú kọ̀ọ̀kan sì wà fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n gbé ọbẹ̀ àlùbọ́sà wá. Mo tọ́ ọ wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mu ún, mo sì gbé máíkì. Àwọn ṣíbí sọ̀kalẹ̀. Mo sọ ìtàn àlùbọ́sà láti ayé àwọn ọba Faransé títí dé ọjọ́ òní, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni mo ronú kàn lórí ìdúró. Nígbà tí mo parí, ọbẹ̀ náà ti tutù, àwọn agbáwo sì ti ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí èmi ni mo fi àkókò sí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìgbín wá. Ẹ mọ̀ pé ìgbín kì í ṣe àjèjì sí wa. Èyí tí wọ́n gbé wá yìí kò tó èékánná ẹsẹ̀, mẹ́fà ló wà nínú àwo ẹnì kan. Mọ̀nsúrát fi fọ́ọ̀kì gbé ọ̀kan sókè.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ta ló lọ kó àwọn ọmọ yìí lọ́dọ̀ ìyá wọn?"

Gbọ̀ngàn hó fún ẹ̀rín. Olórí gidi ì bá bá wọn rín in, kó sì ní kí wọ́n máa jẹun. Èmi gbé máíkì, mo sì fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé ìwà ìtẹríba tó wà nínú kí ìgbín kéré. Àwọn àgbà ní bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, ara mi ló sì yẹ kí n fi kìlọ̀ fún.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí ìtàn bọ́tà nígbà tí Ìdùnnú dìde. Àwọn mọ́kànlá yòókù dìde tẹ̀ lé e. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lù.

"Ẹ jókòó!" ni mo ké sínú máíkì. "Ẹ̀yin là ń bu ọlá fún níbí yìí, ẹ kò sì gbọdọ̀ sá fún un!"

Ìdùnnú kì í sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ náà, kò pariwo, àmọ́ gbogbo ilé gbọ́ ọ. "Bàbá Tijésù, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò mọ̀ pé orí bọ́tà lẹ ṣì wà. Mo ń lọ síbi iṣẹ́."

Ó mú búrẹ́dì kan lórí tábìlì, ó fi bébà ìnuwọ́ wé e, ó tì í sínú báàgì rẹ̀. Mo rí i. Mo rí i kedere, mo sì tún bá ọ̀rọ̀ bọ́tà mi lọ. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bí àwọn tí a torí wọn pe àsè ti lọ tán, wọ́n gbé adìẹ wá. Ó pọ́n, ó ń dán, òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Àwọn tó kù mú fọ́ọ̀kì. Alhaji Abdulwahab wá ké sí agbáwo kan, ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì ohun tí wọ́n fi se é. Inú ọkùnrin náà dùn pé ẹnìkan tilẹ̀ bèèrè.

"Red wine, sir. A lot of red wine."

Ìyẹn ni pé ọtí ni wọ́n fi se ẹran fún ẹgbẹ́ tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ nínú ìdajì yòókù sì wà ní ìjọ tí kì í fẹnu kan ọtí. Èmi ni mo yan oúnjẹ náà fúnra mi, torí pé orúkọ rẹ̀ ló gùn jù nínú ìwé.

Mo gbé máíkì. "Iná ti gbé ọtí náà lọ! Gẹ́gẹ́ bí Alága Àgbà, mo pàṣẹ pé kò sí ọtí níbẹ̀ mọ́!"

"Alága," ni Alhaji wí, "àṣẹ yín ò dé ọ̀run o."

Ó ti àwo rẹ̀ síwájú. Àwọn Mùsùlùmí ti tiwọn, àwọn onígbàgbọ́ náà ti tiwọn. Láti ìgbà tí a ti dá Ẹgbẹ́ Ìfìmọ̀ṣọ̀kan sílẹ̀, ọjọ́ náà la kọ́kọ́ fìmọ̀ ṣọ̀kan. Mo wo Sàláhúdéènì. Akọ̀wé mi gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kò sì gbójú sókè.

Mo ní kí a sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo jáde bí ẹni tó fẹ́ gba ìpè, mo sì gba ibi tí mo gbé ọkọ̀ mi sí lọ. Ẹ máa tẹ̀ lé mi, kò jìnnà. Nínú búùtù, mo ní tiréè lasáńyà kan tí mo rà ní Hyattsville lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí mo fẹ́ fi dá ara mi lọ́lá bí mo bá wọlé ìbò. Mo gbé e wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, mo ká agbádá lé èjìká, kò sí fọ́ọ̀kì, mo fi ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo sì ti mú ìgò kan lára ata tí akọ̀wé gbà. Mo wọ́n ọn dáadáa.

Ibi tí mo jẹ ẹ́ dé kò tíì tó ìdajì nígbà tí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ebi ti lé gbogbo ẹgbẹ́ síta, olúkúlùkù ń lọ wọ ọkọ̀ rẹ̀ kó lè lọ wá nǹkan jẹ. Mọ̀nsúrát ló dúró síwájú mi, gbogbo wọn wà lẹ́yìn rẹ̀.

Olóṣèlú tó gbọ́n ì bá rí irọ́ kan pa. Ó lè ní oògùn ni, ó lè ní ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi kọ́ mi nílé. Bí ènìyàn bá ń jẹun tí ẹlòmíràn bá a níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde, kó tó ronú ló sì máa ń jáde.

Mo ní, "Ẹ wá jẹun!"

Ohun tí ọmọlúàbí máa ń fèsì ni pé á gba ibi ire, kó sì kọjá lọ. Àwọn ọmọlúàbí ogójì tí ebi ti ń pa láti aago mẹ́rin kò rántí èsì náà. "Ẹ ṣé o, Alága!" ni wọ́n dáhùn. Tiréè kúrò lórí itan mi, ó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, ó sì padà wá sọ́dọ̀ mi lófìfo. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ni mo gbé tiréè dání.

Mọ̀nsúrát nu ọwọ́ rẹ̀. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Alága, èyí tá a jẹ yìí, ṣé ti ebi ni, àbí ti ọlá?"

Alhaji Abdulwahab ní kí wọ́n kúkú dìbò níbẹ̀ kí oníkálukú máa lọ. Ó ní kí àwọn tó fẹ́ Mọ̀nsúrát nawọ́. Ọwọ́ tó dìde pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì pupa fún tòmátò. Ó ní kí àwọn tó fẹ́ Akínlọ́lá nawọ́. Ọwọ́ Sàláhúdéènì lọ sókè bó ṣe máa ń lọ láti ọdún mẹ́rin. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi ọwọ́ náà tún fìlà rẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ na tèmi. Mo wò ó, ọbẹ̀ ti ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fi sílẹ̀.

Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà níwájú ilé ìwòsàn. Ìdùnnú jáde pẹ̀lú òdòdó tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Wọ́n ti yọ mí," ni mo wí.

"Mo ti wò ó. Mọ̀nsúrát fi video ránṣẹ́."

"Má bínú, Ìdùnnú. Mo ṣe ohun tí kò dáa sí ẹ." Ọ̀rọ̀ náà kúrú, àmọ́ ó le lẹ́nu mi ju gbogbo ìtàn bọ́tà lọ. "Bí ṣọ́ọ̀bù Hyattsville bá ti ṣí, mo máa lọ ra lasáńyà fún ẹ."

"Ta ló sọ fún yín pé lasáńyà ni mo fẹ́?"

"Mọ̀nsúrát ní àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ràn ẹ̀."

"Mọ̀nsúrát ló fẹ́ràn ẹ̀. Gbogbo potluck tá a bá ti ṣe níbi iṣẹ́, tí oníkálukú ń gbé oúnjẹ wá, pásítà ni, ó ti sú mi láti ọjọ́ tó pẹ́." Ó gbé orí lé àga. "Ọbẹ̀ àlùbọ́sà yín yẹn ló dùn mọ́ mi. Ṣíbí mẹ́ta ni mo mu, ẹ ní ká gbé ṣíbí sílẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin òǹkàwé! Oúnjẹ Faransé ló fẹ́! Mo jàre! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti jàre, ẹnu mi nìkan ni kò jẹ́ kó wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí n sọ ọ́ síta, àmọ́ mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú nínú ìbọ̀sẹ̀, mo sì wa ọkọ̀ lọ.

Mo fi fóònù wá bí wọ́n ṣe ń se é. Àlùbọ́sà mẹ́jọ ni mo gé, omi ojú mi sì ń dà, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àlùbọ́sà fà. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi dúró tì í lórí iná kékeré. Mo gbé e síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ó ń hó. Ó gbé ṣíbí. Mo jókòó sódìkejì, ẹnu mi sì ṣí fúnra rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé àwọn Faransé..."

Ṣíbí dúró lójú ọ̀nà. Ìdùnnú wò mí. Mo pa ẹnu mi dé, ṣíbí náà sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ó mu ún dé ìdajì kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

Mo ti tọ́ ọ wò nígbà mẹ́rin, iyọ̀ rẹ̀ tó dáadáa. Mo dìde, mo lọ mú iyọ̀ wá.